Ẹni Tí Iná Kò Tó Kò Gbọdọ̀ Gba Àlòkù

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé wa, àwọn òṣèlú sì ti ń bá wọn gbè é: pé orílẹ̀-èdè tí kò rí iná tàn sílé kò ní ohun tó fẹ́ fi ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ synchrotron ṣe. Bí a bá sì rin kinkin mọ́ ọn pé a fẹ́, wọ́n á ní kí a lọ gba àlòkù lọ́wọ́ àwọn òyìnbó, kí a fi kọ́ṣẹ́ ná. Bí ọwọ́ wa bá ti mọ́ ọn tán, kí a tó máa ronú tuntun. Wọ́n á fi kún un pé díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ó dùn létí, ó jọ ọgbọ́n, ó tún jọ ìrẹ̀lẹ̀. Èmi ò gbà á. Apá kìn-ín-ní ọ̀rọ̀ náà, àìmọ̀ ló bí i, àlàyé lè wò ó sàn. Apá kejì ló ń bà mí lẹ́rù, torí àwọn tó yẹ kó mọ̀ ló ń sọ ọ́, bí a bá sì gbọ́ tiwọn, gbèsè ni yóò kù sí wa lọ́rùn.

Ìlerò ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà, ní Òkè-Ògùn. Mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni ti Àbújá wá ṣàlàyé òkùnkùn fún mi. Bí ilẹ̀ bá ṣú níhìn-ín, ariwo jẹnẹrétọ̀ la fi ń mọ ilé ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́nu. Ẹni tí kò ní, tọ́ọ̀ṣì ló ń tàn jẹun alẹ́. Àìtó iná yìí gan-an ni mo sì fẹ́ fi ja ìjà mi. Ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ ni iná wa kò lè gbé. Ti ìsinsìnyí, èyí tí wọ́n tún ṣe tó ń mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ tó sì ń jẹ iná dín sí ti tẹ́lẹ̀, òun nìkan ni ó yẹ ká gbójú lé.

Kí ni ẹ̀rọ náà ná? Ọ̀nà róbótó kan ni, páìpù tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Inú rẹ̀ ni ẹlẹ́kítíróọ̀nù ti ń sáré yípo, eré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ìmọ́lẹ̀ dọ́gba. Ẹlẹ́kítíróọ̀nù kì í fẹ́ yà, ọ̀kánkán ló máa ń fẹ́ lọ. Òòfà tí wọ́n tò yí ọ̀nà náà ká ló ń fipá ṣẹ́ ẹ lórí. Níbi tó bá ti ń yà bẹ́ẹ̀, agbára díẹ̀ á bọ́ lára rẹ̀, agbára yẹn ló ń di ìmọ́lẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 1947 ni wọ́n kọ́kọ́ fojú rí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ní ilé iṣẹ́ General Electric ní Schenectady, ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń fi irú ẹ̀rọ yẹn fọ́ átọ̀mù wò kò kà á sí nǹkan nígbà náà. Òfò ni lójú tiwọn, agbára tó ń jò dànù. Òfò yẹn la wá ń wá lónìí. X-ray tó ń ti ibẹ̀ jáde mọ́lẹ̀ ju ti ilé ìwòsàn lọ ní ìlọ́po tí ẹnu kò lè kà tán, òun sì ni wọ́n fi ń wo bí átọ̀mù ṣe tò nínú oògùn, nínú kòkòrò àrùn, nínú irin, nínú ewé, nínú eegun tó ti di òkúta.

Ibi tí àwọn alátakò mi ti ṣìnà nìyí. Wọ́n rò pé kí ìmọ́lẹ̀ tó lè mọ́ sí i, àfi kí iná tí ẹ̀rọ ń jẹ pọ̀ sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí agbo ẹlẹ́kítíróọ̀nù tó ń sáré náà bá ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe ń mọ́ tó. Bí wọ́n bá fọ́n ká bí èrò ọjà, ìmọ́lẹ̀ wọn á fọ́n ká. Bí wọ́n bá kóra jọ sójú kan, ìmọ́lẹ̀ wọn á dà bí abẹ́rẹ́. Ohun tó sì ń fọ́n wọn ká ni kí a ṣẹ́ wọn lórí lójijì. Nínú ẹ̀rọ àtijọ́, òòfà ńlá méjì ló ń pín yíyà náà ní abala kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á yí ẹlẹ́kítíróọ̀nù bìrí, agbo á sì tú. Nínú ti tuntun, òòfà kéékèèké bíi méje ló ń ṣe iṣẹ́ àwọn méjì yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń yí i ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwọn ará Sweden ló kọ́kọ́ gbójú gbóyà kọ́ irú rẹ̀ ní Lund, MAX IV ni wọ́n pè é. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 2016, ọjọ́ tí oòrùn pẹ́ jù lójú ọ̀run níbẹ̀ lọ́dún. Àwọn náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe fáàrí.

Èyí tó ya gbogbo ayé lẹ́nu ni ti Grenoble ní Faransé. Ilé ìmọ́lẹ̀ ESRF wà níbẹ̀ láti ọdún 1994, òrùka rẹ̀ gùn ní mítà 844, orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló pawọ́ pọ̀ ni ín. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018, wọ́n pa á. Wọ́n tú òrùka àtijọ́ palẹ̀ pátápátá, wọ́n sì to tuntun sínú ihò kan náà, lábẹ́ òrùlé kan náà. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹjọ ọdún 2020, tí àrùn Kòrónà ṣì ń jà, wọ́n ti ṣí i padà fún àwọn oníṣẹ́ ìwádìí. Mílíọ̀nù 150 yúrò ni wọ́n ná sí i. Agbo ẹlẹ́kítíróọ̀nù wọn tẹ́ẹ́rẹ́ sí i ní ìlọ́po bí 30, X-ray wọn mọ́lẹ̀ sí i ní ìlọ́po 100. Iná tí ẹ̀rọ náà wá ń jẹ ńkọ́? Ó fi bí ìdá 30 nínú 100 dín sí ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ó mọ́lẹ̀ sí i ní ìlọ́po 100, ó sì ń jẹ iná dín sí ti tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe idán. Nígbà tí ẹlẹ́kítíróọ̀nù kò bá yà lójijì mọ́, agbára tó ń bọ́ lára rẹ̀ bó ṣe ń yípo lẹ́ẹ̀kan á dín kù. Ní Grenoble, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ohun tó bá bọ́ lára rẹ̀ ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dá padà fún un, bí kò bá sì bọ́ púpọ̀, a ò ní dá púpọ̀ padà. Èkejì, àwọn òòfà náà kéré, wọ́n sì sún mọ́ páìpù tímọ́tímọ́, iná tí wáyà bàbà ara wọn ń fà kò pọ̀ mọ́. Ẹ̀kẹta ló wù mí jù: wọ́n fi irú òòfà tí kò nílò iná rárá rọ́pò púpọ̀ nínú àwọn tó ń yí ẹlẹ́kítíróọ̀nù, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń tú jáde nínú ẹ̀yìn gbohùngbohùn tó ti bàjẹ́, àmọ́ tiwọn lágbára jù ú lọ fíìfíì. Wọn ò ní wáyà, wọn ò gbóná, wọn ò nílò omi tí yóò máa tù wọ́n. Kódà bí iná bá lọ, wọ́n á ṣì máa fà. Àwọn ará Switzerland náà ti gba ọ̀nà yẹn, ní ilé ìmọ́lẹ̀ tiwọn tí wọ́n pa ní ọdún 2023 láti tún un ṣe.

Mo mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí yé ju ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Ìyá kan ń ta omi tútù àti ẹlẹ́rìndòdò ní ìlú wa níhìn-ín. Fírísà tòkunbọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, ó rà á ní owó pọ́ọ́kú, àwọn tó bá a gbé e wọlé kí i kú oríire. Fírísà ọ̀hún ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, gásì rẹ̀ ń jò, pẹtiróòlù tí jẹnẹrétọ̀ ń mu nítorí rẹ̀ sì ń gun òkè lójoojúmọ́ láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní ọdún 2023. Nígbà tó yá, ó tà á fún ẹni tó ń ra irin, ó dá èésú, ó ra tuntun kékeré kan tí sólà lè gbé. Mo bi í pé, "Màmá, ẹ ò rò pé tuntun yẹn ti wọ́n jù?" Ó wò mí. "Ọmọ mi, èwo ló wọ́n? Ti àkọ́kọ́ yẹn, kì í ṣe èmi ni mò ń ta omi, òun ló ń tà mí." Kò ka ìwé kankan lórí òòfà. Ó kàn mọ ìyàtọ̀ láàrin owó tí a fi ń ra nǹkan àti owó tí a fi ń bọ́ ọ.

Owó tí a óò fi bọ́ ọ ni àwọn onígbà-àlòkù kì í fẹ́ kà. Ẹ jẹ́ kí n bá wọn kà á. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A, àwọn tí iná ń pẹ́ lọ́dọ̀ wọn jù, dé ₦225 fún wákàtí kilowatt kan. Ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ kì í fi kilowatt ṣeré, megawatt ni wọ́n fi ń kà á fún un, megawatt kan sì jẹ́ kilowatt 1,000. Ní iye yẹn, bí ẹ̀rọ náà bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 6,000 péré lọ́dún, megawatt kọ̀ọ̀kan yóò gbé bílíọ̀nù ₦1.35 lọ. Megawatt kan ṣoṣo nìyẹn. Bí ẹ̀rọ àlòkù bá fi megawatt méjì péré ju tuntun lọ ní ìjẹkújẹ, láàrin ọdún mẹ́wàá, bílíọ̀nù ₦27 ti wọ afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ wá sọ fún mi ẹni tó fún wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ má sì rò pé àlòkù yóò ṣọ̀wọ́n. Ní Argonne lẹ́bàá Chicago, wọ́n pa ilé ìmọ́lẹ̀ APS ní oṣù kẹrin ọdún 2023, wọ́n ná mílíọ̀nù 815 dọ́là láti fi òrùka tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Diamond tó wà ní Oxfordshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti gba ìyọ̀ǹda àti owó láti ṣe bẹ́ẹ̀. Bí olúkúlùkù ṣe ń tú tirẹ̀, irin àtijọ́ yóò máa pọ̀ nílẹ̀, irin ọ̀hún yóò sì máa wá ẹni tí yóò gbé e. A mọ etíkun tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ máa ń gúnlẹ̀ sí. Mọ́tò, fírìjì, táyà, kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ la ti gbà rí.

Wọ́n á ní ilé ìmọ́lẹ̀ SESAME ní Jọ́dánì fi àlòkù bẹ̀rẹ̀, ó sì yege. Inú mi dùn pé wọ́n mẹ́nu bà á, torí ìtàn SESAME ni ẹ̀rí mi tó lágbára jù. Òótọ́ ni pé nígbà tí àwọn ará Jámánì fẹ́ pa ẹ̀rọ BESSY I ní Berlin, Herman Winick ti Amẹ́ríkà àti Gustav-Adolf Voss ti Jámánì dá a lábàá ní ọdún 1997 pé kí wọ́n fi ta àwọn ará Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn lọ́rẹ. UNESCO ṣe alágbàtọ́ rẹ̀. Iran, Israel, Palẹ́sítínì, Íjíbítì, Pakistan àti àwọn mìíràn jókòó sídìí tábìlì kan náà, èyí tí ìyàlẹ́nu rẹ̀ tó ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Àmọ́ kí ló ṣẹlẹ̀ sí òrùka àlòkù náà? Wọ́n wò ó, wọ́n rí i pé agbára rẹ̀, 0.8 GeV, kò ní fún wọn ní irú X-ray tí wọ́n ń wá. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀rọ tó ń ti ẹlẹ́kítíróọ̀nù wọlé, wọ́n sì kọ́ òrùka tuntun ti 2.5 GeV fún iṣẹ́ gan-an; CERN ló bá wọn ṣètò òòfà rẹ̀, owó Yúróòpù ni wọ́n fi rà á. Láàrin ìgbà tí wọ́n dá àbá àti oṣù karùn-ún ọdún 2017 tí wọ́n ṣí i, ogún ọdún kọjá.

Ó kù sí i. Wọ́n ṣí i tán, owó iná Jọ́dánì sì fẹ́ pa wọ́n. Ó di dandan kí wọ́n lọ tò pánẹ́ẹ̀lì sólà sí ilẹ̀ gbalasa. Èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù kejì ọdún 2019, megawatt 6.48, ni wọ́n fi di ilé ẹ̀rọ irú rẹ̀ àkọ́kọ́ lágbàáyé tó ń fi kìkì iná oòrùn ṣiṣẹ́. Mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká pe ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orúkọ rẹ̀: àlòkù kò tó wọn lò, tuntun ni wọ́n padà kọ́, iná ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wọn dúró. Ta ni yóò ka ìtàn yìí tán tí yóò ní kí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀?

Bùràsíìlì ni kí wọ́n lọ wò. Nígbà tí àwọn ará Campinas bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ wọn àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún 1987, owó ìlú wọn ń já wálẹ̀ débi pé iye ọjà àárọ̀ kì í ṣe iye ọjà ìrọ̀lẹ́. Àwọn náà gbọ́ pé orílẹ̀-èdè tí kò rówó san gbèsè kò ní ohun tó fẹ́ fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe. Wọn ò gba àlòkù. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn rọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, òòfà àti páìpù, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1997. Kò tóbi, ẹnì kan kò sì pè é ní àgbà láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́ ọ mọ gbogbo bóòtù tó wà lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán èkejì, Sirius, àwọn àgbà onímọ̀ láti òkè òkun wá wò ó ní ọdún 2012, wọ́n ní ó dára, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kọ́ ọ tán, ayé á ti kọjá rẹ̀. Wọ́n gbé àwòrán náà padà sórí tábìlì, wọ́n tún un yà láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi òòfà márùn-ún sí abala kọ̀ọ̀kan. Oṣù kọkànlá ọdún 2018 ni wọ́n ṣí i, ó sì wà lára àwọn tó mọ́lẹ̀ jù lágbàáyé. Ẹni tó bá fẹ́ díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ti Campinas ni kó ṣe: kékeré tí ọwọ́ ara ẹni rọ, kì í ṣe ńlá tí ẹlòmíràn jù sílẹ̀.

Mo gbọ́ ẹni tó ń pariwo UCH. Ó tọ́ kó pariwo. Láti ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2024, wọ́n já iná ilé ìwòsàn ńlá yẹn ní Ìbàdàn nítorí gbèsè, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́ tí àwọn dókítà fi ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo aláìsàn. Ìtìjú gbáà ni. Ṣùgbọ́n kí ni ìtìjú yẹn ń sọ? Ó ń sọ pé ohunkóhun tí a bá máa kọ́ ní ilẹ̀ yìí láti ìsinsìnyí lọ, ilé ìwòsàn ni o, yunifásítì ni o, ẹ̀rọ ìwádìí ni o, gbèsè iná ni yóò kọ́kọ́ pa á. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, èwo ló yẹ ká rà? Èyí tó ń jẹ iná púpọ̀ àbí èyí tó ń jẹ díẹ̀? Àwọn tó ń fi UCH bú mi, ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n wà, wọn ò tíì mọ̀ ni.

Wọ́n á tún fa Àjàòkúta jáde. Láti nǹkan bí ọdún 1980 la ti ń kọ́ ilé irin yẹn, irin kò sì tíì jáde níbẹ̀ bó ṣe yẹ. Mi ò ní ẹjọ́ rò fún Àjàòkúta. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ pé tuntun jù ló pa á. Ìwà tiwa ló pa á, kì í ṣe ìmọ̀ ẹ̀rọ. Bí a bá sì fẹ́ fi ìwà wa ṣe òdiwọ̀n, kí a má gbàgbé Sàríyà. Láti ọdún 2004 ni ríákítọ̀ kékeré kan ti ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ahmadu Bello. Ohun ìdáná inú rẹ̀ jẹ́ irú uranium tí wọ́n lè fi ṣe bọ́ǹbù, ọkàn gbogbo ayé kò sì balẹ̀ sí i. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ wa pẹ̀lú àwọn tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́ yọ ọkàn ẹ̀rọ náà, wọ́n fi èyí tí kò léwu rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì kó ti àtijọ́ padà sí Ṣáínà. Iṣẹ́ tó nílò ọwọ́ tí kì í gbọ̀n ni. Ní Ilé-Ifẹ̀ náà, ẹ̀rọ kan tó ń ta átọ̀mù bí ọfà, 1.7 MV, wà ní ibùdó ìwádìí agbára ní OAU. Ìwọ̀nba ni, ṣùgbọ́n a kì í ṣe òpè tí kò rí irú rẹ̀ rí.

Wàyí o, wọ́n á bi mí pé kí ló kan Ìlerò nínú gbogbo èyí. Mi ò sọ pé kí wọ́n wá gbé òrùka oní-mítà 500 kalẹ̀ láàrin àwa àti Òkèhò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ wa gbalasa, tí oòrùn tiwa sì ju ti Grenoble lọ. (Eruku ọyẹ́ nìkan ni ẹni tó bá fẹ́ to sólà síhìn-ín yóò máa nù.) Ohun tó wà nílẹ̀ wa ni mò ń wò. Bí àwọn ìyá wa bá sẹ́ ògì tán, èèrí tó kù nínú asẹ́ ni wọ́n ń dà fún ewúrẹ́. X-ray ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi yàwòrán ibi tí irin àti zinc ń pamọ́ sí nínú hóró àlìkámà àti ti ìrẹsì: èyí tó pọ̀ jù wà lára èèpo inú àti ọmú hóró, níbi tí à ń sẹ́ dànù. Àgbàdo Òkè-Ògùn ńkọ́? Irú wo nínú àwọn èyí tí à ń gbìn ló ń tọ́jú ti ẹ̀ sí inú funfun, tí ọmọ tó ń mu ògì yóò rí i jẹ kí ewúrẹ́ tó rí i? Ìbéèrè tó ṣeé bi ẹ̀rọ nìyẹn, ó sì ṣeé dáhùn. Òkúta tí àwọn tírélà ń kó gba títì Òkè-Ògùn kọjá náà ń bẹ, èyí tó ní lithium àti tantalum nínú. A ń tà á bí ẹni ń ta yangí, torí a ò ní ohun tí a lè fi wo inú rẹ̀ kínníkínní kí oníbàárà tó dé.

Ibà Lassa náà ńkọ́? Ní ọdún 1969 ni wọ́n dá a mọ̀, ìlú Lassa ní Bọ̀nú ló fún un lórúkọ. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn elétò ìlera á máa kìlọ̀ pé kí a yé sá gàrí àti ẹ̀lùbọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì níbi tí eku lè dé. A ń sá a síbẹ̀síbẹ̀. Níbo la fẹ́ sá a sí? Ní ọdún 2017, Kathryn Hastie àti Erica Ollmann Saphire ní California gbé àwòrán ohun tí kòkòrò àrùn náà fi ń wọ ara ènìyàn jáde, bí átọ̀mù ṣe tò ní ibẹ̀. Ó gbà wọ́n ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ibà náà mú tí wọ́n yè ni wọ́n ti rí ọmọ-ogun ara tó jẹ́ kí wọ́n lè mú ohun náà dúró sójú kan kí wọ́n tó yà á. Àìsàn tiwa, ẹ̀jẹ̀ tiwa, ìmọ́lẹ̀ Amẹ́ríkà. Mi ò bá wọn jà. Ọlọ́run á san wọ́n lẹ́san rere. Ohun tí mò ń sọ ni pé kírísítà (ohun tí wọ́n ti mú dì kí X-ray lè yàwòrán rẹ̀) tó kéré jù fún ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ ṣeé wò lábẹ́ ti tuntun, iṣẹ́ tó gba ọdún mẹ́wàá lè wá gba díẹ̀. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ àtijọ́ fún ọmọ wa, ó fẹ́ kí ó fi ọdún mẹ́wàá ṣe ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Campinas á fi ọdún díẹ̀ ṣe, kó sì tún san owó iná tó ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Àwọn kan tó gbọ́n díẹ̀ ju àwọn onígbà-àlòkù lọ á ní, kí ló dé tí a ò kàn fi ohun tí a fẹ́ wò ránṣẹ́ sí Grenoble? Ó ṣeé ṣe. Kírísítà ń rin ìrìn àjò nínú àpótí lójoojúmọ́, ẹni tó fi í ránṣẹ́ á sì máa darí ẹ̀rọ láti orí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo fara mọ́ ọn fún ìsinsìnyí, pàápàá bí Nàìjíríà bá lè ṣe bí Gúúsù Áfíríkà tó ti ń san owó ẹgbẹ́ ní ESRF láti ọdún 2013. Ṣùgbọ́n kí a má fi ṣe ilé. Ní ọdún 2019, agbárí Little Foot, ọ̀kan nínú àwọn baba ńlá ọmọ ènìyàn tí ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ọdún, ni wọ́n gbé kúrò ní Gúúsù Áfíríkà lọ sí Diamond ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n tó lè rí inú eyín rẹ̀ àti inú orí rẹ̀ láìfọ́ ọ. Baba ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ bá àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ nítorí pé kò sí ìmọ́lẹ̀ nílé. Nínú gbogbo ilẹ̀ ńlá tí ènìyàn ń gbé tó nílùú, Áfíríkà nìkan ni kò ní ẹ̀rọ yìí.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi pe àpérò àkọ́kọ́ lórí ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ ti Áfíríkà ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, ní Grenoble fúnra rẹ̀, tí wọ́n sì ṣe èkejì ní Accra ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019. Simon Connell ti Johannesburg àti Sekazi Mtingwa ti Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó ń tì í lẹ́yìn. Gánà ń sọ̀rọ̀ sókè. Nàìjíríà, tí èrò rẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo wọn lọ, ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ sùn.

Kí ó jí, kí ó sì mọ ohun tó fẹ́ sọ. Kí ó kọ́kọ́ san owó àwọn ọmọ tí yóò lọ kọ́ṣẹ́ ní Campinas àti ní Lund, lórí ẹ̀rọ ti ìsinsìnyí, torí ẹ̀rọ wọ̀nyí le láti darí: òòfà tó bá yẹ̀ ní ìwọ̀n tí kò tó irun orí, agbo á tú. Èyí nìkan ni àríyànjiyàn àwọn alátakò mi tí mo bọ̀wọ̀ fún, ènìyàn tó mọṣẹ́ sì ni ìdáhùn rẹ̀. Ẹ̀rọ tó rọrùn tí kò wúlò kì í ṣe ìdáhùn. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ìwé àdéhùn bá dé orí tábìlì, kí wọ́n kọ iye megawatt tí ẹ̀rọ náà yóò máa jẹ sí ojú ewé àkọ́kọ́, ṣáájú orúkọ ìlú tí wọn yóò kọ́ ọ sí àti orúkọ ààrẹ tí yóò gé ríbọ́ọ̀nù. Kí wọ́n kọ oko sólà mọ́ ọn láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kó má ṣe jẹ́ pé gbèsè ni yóò rán wa létí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé òrùka àlòkù wá, bó ti wù kí ọ̀yàyà tó fi gbé e wá pọ̀ tó, kí aṣojú Nàìjíríà dìde, kí ó dúpẹ́ dáadáa, kí ó sì ní kí wọ́n máa gbé e padà.